Ẹnu mi ń wá nǹkan rún: kí ni kí n jẹ dípò chips?

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti gbé chips tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn àwọn pòtétò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń kó sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Mi ò kí ń ṣe dókítà o, ìsọ̀ ni mo ń jókòó sí l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, tó bá sì ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ọjà bá dá, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tó máa rún. Àwọn ará ilé rí i pé mo jáwọ́, ni wọ́n bá ń bi mí ní ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì, mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí: Àǹtí, kí ló dé tí mi ò lè jẹ ẹyọ márùn-ún péré kí n ká ọ̀rá ẹ̀ pa?

Ìwọ nìkan kọ́, jàre. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ná. Pòtétò tútù, nínú 100 gíráàmù ẹ̀, omi nìkan tó bíi 80. Tí wọ́n bá gé e fẹ́lẹ́ tí wọ́n jù ú sínú òróró gbígbóná, omi yẹn á máa hó jáde, ihò kéékèèké á ṣẹ́ kù síbi tó gbà jáde, òróró á sì ráyè wọbẹ̀. Kó tó délẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òróró, 100 gíráàmù ẹ̀ sì ti ní nǹkan bíi 530 kálórì. Ọ̀rá nínú ọ̀rá ni! Wọ́n á tún wá wọ́n iyọ̀ sí i, ó sì máa ń yọ́ kíá lẹ́nu, kí ikùn tó gbọ́ pé oúnjẹ ń bọ̀, ọwọ́ ti kan ìsàlẹ̀.

Ìró ẹ̀ náà tún wà ńbẹ̀ o. Ní 2004, àwọn méjì kan ní yunifásítì Oxford, Massimiliano Zampini àti Charles Spence, ní káwọn èèyàn máa gé chips jẹ níwájú máìkì, wọ́n sì fi nǹkan sí wọn létí kí wọ́n máa gbọ́ ìró ẹnu ara wọn. Bí wọ́n bá gbé ìró yẹn sókè, àwọn èèyàn á ní chips yẹn gbẹ dáadáa, pé ó tuntun, bẹ́ẹ̀ chips kan náà ni wọ́n ń jẹ látàárọ̀. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn Ig Nobel lórí ẹ̀ ní 2008, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwádìí tó ń kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú.

Ohun témi rí dì mú ńbẹ̀ ni pé etí wa náà ń jẹun. Gbígbẹ tí nǹkan gbẹ ló ń jẹ́ kó dún, òróró kàn jẹ́ ọ̀nà kan láti lé omi jáde ni, iná lásán lè lé e, oòrùn náà lè lé e.

Ìyá mi: Ṣebí ìpékeré wà ńbẹ̀, tiwa-n-tiwa. Ṣé kò sàn ju ti òyìnbó lọ ni?

Màámi, ẹ má bínú o, òróró kan náà ni wọ́n jọ wẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ìkòkò dídín ò mọ ìyàtọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí pòtétò. Kókóró náà ńkọ́, dídín ni. Ibi táwọn èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ nìyẹn, wọ́n á ní ìbílẹ̀ ni, wọ́n á wá jẹ ọ̀rá mẹ́ta. Kúlíkúlí ni mo lè gbè díẹ̀: wọ́n ti fún òróró kúrò lára ẹ̀pà náà kí wọ́n tó ká a, èròjà amáradàgbà pọ̀ nínú ẹ̀, ó sì le débi pé eyín ò ní jẹ́ kó o sáré jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì tún máa ń dín in, torí náà ẹyọ méjì mẹ́ta pẹ̀lú gààrí ti tó.

Gúgúrú ńkọ́?

Hẹn-ẹn, ibi tí mo fẹ́ ká dé gan-an nìyẹn! Gúgúrú ni mo fi rọ́pò chips jù, torí pé òun ò tiẹ̀ nílò òróró kankan kó tó bẹ́. Inú hóró àgbàdo gúgúrú kọ̀ọ̀kan ni omi díẹ̀ wà, bíi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ sì le, kò jo. Tí iná bá mú un tó gbóná dé nǹkan bíi 180 lórí ìwọ̀n Celsius, omi yẹn á ti di ooru tó ń wá ọ̀nà àbáyọ, èèpo ò ní lè gbà á mọ́, ni á bá bẹ́ pàá, inú á yọ síta, á wú. Àgbàdo tá a fi ń ṣe ògì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí èèpo tiẹ̀ ò le tó, ooru á ti jò lọ, ẹ wá rí i pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń yan án. Ife kan gúgúrú tí ò ní òróró ò ju nǹkan bíi 30 kálórì lọ, fáíbà sì wà nínú ẹ̀.

Àwọn ìyá àtijọ́ mọ èyí kó tó di pé máṣíìnì dé, iyanrìn gbígbóná ni wọ́n fi ń yan tiwọn nínú ìkòkò. Èyí tí wọ́n ń fi bọ́tà àti ṣúgà ṣe láduúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ tá à ń sọ. Nílé, ìkòkò tí ìdí ẹ̀ nípọn ni mo ń lò, iná díẹ̀, mo da hóró ìkúnwọ́ kan sí i, mo dé e, mo ń mì í. Tó bá ti ń pẹ́ kí ọ̀kan tó bẹ́ tẹ̀ lé ìkejì, mo sọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́rin, ẹ má fún wọn ní gúgúrú tàbí ẹ̀pà odidi o, ó lè há wọn lọ́fun.

Ẹ̀pà inú ìgò ńkọ́, àti kaṣú tó kún ìlú wa?

Ẹ̀pà dára, àmọ́ ìgò yẹn ni ìṣòro, èèyàn á gbé e sẹ́nu bí ẹni ń mumi! Da ìkúnwọ́ kan, tó tó bíi 170 kálórì, sórí àwo kó o dé ìyókù. Ẹ̀pà tó bá ti bu, tó dúdú tàbí tó korò, tu ú jáde. Èèbu kan wà tó máa ń bá ẹ̀pà àti àgbàdo tí ò gbẹ dáadáa, májèlé aflatoxin ló ń pèsè, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan ò sì lè pa gbogbo ẹ̀ tán.

Kaṣú yíyan dáa bákan náà, ìkúnwọ́ ṣá ni. Ẹ má wulẹ̀ fọ́ tútù ẹ̀ fúnra yín, oje èèpo ẹ̀ ń jó awọ ara. Ẹ jẹ́ káwọn tó mọ̀ ọ́n yan máa yan án.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi: Ìyàwó wa, èmi tí mo ní bípì, ẹ̀jẹ̀ ríru, ńkọ́? Ṣé kí n kàn máa wo ẹnu yín ni?

Ẹ̀gbọ́n, ó tì o. Iyọ̀ lẹ máa sá fún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó 5 gíráàmù lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan, ọbẹ̀ nìkan sì ti fẹ́ jẹ ìyẹn tán. Àwọn tó ń yan ẹ̀pà sábà máa ń fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́ kí wọ́n tó yan án, torí náà ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yan tiyín lọ́tọ̀. Òfíò ò ní iyọ̀, ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ dáadáa. Kárọ́ọ̀tì táwọn Hausa ń tì kiri nínú bárò náà ń dún, ìyẹn ò tiẹ̀ gbẹ, omi tó kún inú ẹ̀ ló ń bẹ́ lábẹ́ eyín. Tó bá ti rọ, ẹ rẹ ẹ́ sómi tútù bíi wákàtí kan, á tún le padà.

Ṣé a lè ṣe ìpékeré láìdín in?

Ó ṣeé ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú, gé e fẹ́lẹ́ bí ìwé, fi ṣíbí òróró kan pa gbogbo ẹ̀ lára. Tí o ò bá ní ààrò ìgbàlódé, da iyanrìn sínú ìkòkò ńlá, jẹ́ kó gbóná, gbé àwo onírin lé e, tò ó sí i lẹ́yọ lẹ́yọ, kó o dé e. Nígbà tó bá ń lọ sí bí ogún ìṣẹ́jú, yí i padà, kó o ṣí ìdérí sílẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè jáde, torí bí omi ò bá rọ́nà lọ kò ní gbẹ. Tèmi àkọ́kọ́ rọ bí àmàlà, mo gé e nípọn jù ni.

Àǹtí, ẹ jẹ́wọ́, ṣé ẹ ò kan chips mọ́ rárá?

Mo ṣì ń jẹ ẹ́ lóde àríyá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gba ọ̀rá kan lọ́wọ́ ẹ níbí, ṣé o ti gbàgbé ni?