Ẹ Má Fi Bébà Ti Ògiri

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ní Tankẹ, níbí ní Ìlọrin, pè mí pé kí n wá wo yàrá tó fi ń ṣe káàdì ìkésíni àti báàgì ẹ̀bùn. Ó ní bébà òun máa ń bàjẹ́ kí òun tó lò ó, ó sì rò pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún òun lọ́jà. Mo wọlé, mo bá káàdìbọ́ọ̀dù rẹ̀ níbi tó fi ti ògiri lóòró, rìmù mẹ́ta wà lórí sìmẹ́ńtì lásán, oòrùn ọ̀sán sì ń gba ojú fèrèsé bọ́ sórí àwọn aláwọ̀ pupa, wọ́n ti ṣá. Mo ní, "Àǹtí, ẹlẹ́bébà ò jẹ̀bi."

Bébà máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Nígbà òjò tiwa níbí, láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ó ń fa ọ̀rinrin sára, ó ń wú. Tí ọyẹ́ bá dé, omi yẹn á gbẹ, bébà á sì súnkì. Etí tí afẹ́fẹ́ ń kàn ló ń kọ́kọ́ wú tàbí súnkì, nígbà tí àárín ò tíì mọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí etí fi ń ká sókè. Èyí tó dúró lóòró tún ń gbé ìwúwo ara rẹ̀, á tẹ̀ nídìí. Ogójì káàdìbọ́ọ̀dù aláwọ̀ góòlù tí mo rà fún káàdì wòlímọ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, mo sì tún òmíràn rà lápò ara mi. Ó dùn mí gan-an.

Nítorí náà, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀ gbalaja. Búlọ́ọ̀kù méjì àti pákó kan tó láti gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sí àárín òun àti ògiri. Ẹ má tú ìdì rìmù títí ẹ ó fi lò ó, torí ìdì yẹn ń dènà ọ̀rinrin. Ẹ jẹ́ kí pákó náà nípọn: ẹyọ A4 kan tó jẹ́ 80 gsm (giráàmù 80 fún mítà kan níbùú lóòró) wúwo tó giráàmù 5, rìmù kan tó ní ẹyọ 500 jẹ́ kílò 2.5, páálí onírìmù márùn-ún sì ti ju kílò 12 lọ. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á tẹ̀, bébà orí rẹ̀ á sì bá a tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àwọ̀ to bébà. Lójú tèmi, bó ṣe nípọn tó ni ká kọ́kọ́ wò, kí àwọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó fẹ́ ṣe báàgì ń wá èyí tó lágbára. Bó bá ti mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí àwọ̀, ọwọ́ báàgì á já lọ́nà.

Ìrépé ló ń gba yàrá mọ́ wa lọ́wọ́ jù. Èyí tí kò bá tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ọjọ́ náà gan-an ni mo ń gé e sí àmì orúkọ tí à ń so mọ́ ẹ̀bùn. Tí èyí tó kù bá wọ àpòòwé, mo ń fi pẹ́ńsù fa ilà kékeré sẹ́yìn rẹ̀ láti fi apá tí fọ́nrán bébà, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀, dojú kọ hàn. Láti mọ apá náà, ẹ rọra tẹ bébà sọ́tùn-ún, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ síwájú: apá tó bá rọ̀ jù ni ká máa ṣẹ́ ẹ po sí. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ lódì, ojú ìṣẹ́ á fọ́.

Ikán àti aáyán: ẹ máa yẹ abẹ́ pákó wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì tọ́jú gọ́ọ̀mù oníyẹ̀fun sí ẹ̀gbẹ́ bébà, torí oúnjẹ aáyán ni. Àwọn àpò kékeré tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun dára láti fi sínú ike tí ẹ kó bébà sí, wọ́n ń fa ọ̀rinrin. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé rí wọn. Bébà tó bá sì ti tutù, ẹ má dì í sínú náílọ̀n, á bu ni.

Ní Tankẹ, a ta aṣọ nípọn sójú fèrèsé, a sì gbé rìmù mẹ́ta yẹn gun orí pákó. Mo ní kó tẹ́ àwọn káàdìbọ́ọ̀dù tó ti ká sábẹ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí kò bá nà, kó gé e fún òdòdó. Ewé òdòdó bébà, a kúkú máa ń fi ọwọ́ ká a tẹ́lẹ̀ ni.