Bí èrò ẹni ṣe ń tan ẹni jẹ, àti bí ẹlòmíràn ṣe ń là wá lójú

Ní 1960, Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, gbé nọ́ńbà mẹ́ta síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́: 2, 4, 6. Ó ní òfin kan wà lọ́kàn òun tí àwọn nọ́ńbà yìí tẹ̀ lé. Kí wọ́n máa kọ mẹ́ta-mẹ́ta tiwọn wá, òun yóò sọ bóyá ó bá òfin náà mu, títí wọn yóò fi dá a mọ̀.

Ẹni tó bá rò pé méjì-méjì ni à ń fi kún un yóò kọ 8, 10, 12. Ó bá a mu. Yóò kọ 20, 22, 24. Ó tún bá a mu. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á kéde òfin rẹ̀, wọn á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí òfin náà ń béèrè ni pé kí nọ́ńbà máa tóbi sí i. Ká ní ó kọ 1, 2, 50 ni, àṣírí ì bá ti tú. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ wá ohun tí yóò bi èrò rẹ̀ wó?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó bá ti wù wá láti gbà gbọ́ ni ojú wa máa ń ṣà jọ. Ọlọ́pọlọ pípé pàápàá kò yọ sílẹ̀, torí ọgbọ́n rẹ̀ náà ló máa fi ń wá àwíjàre. Àmọ́ ojú tó fọ́ sí àṣìṣe tiwa yìí mú bí abẹ tó bá di ti ẹlòmíràn, ohun tó sì mú kí àríyànjiyàn wúlò nìyẹn. Wason ní ìdánwò mìíràn, oníkáàdì mẹ́rin, tó jẹ́ pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá dá a ṣe, bóyá la fi rí ẹnì kan tó gbà á. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí gbé irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kéékèèké láti jọ jiyàn lé lórí ní 1998, mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin ló gbà á.

Kì í ṣe gbogbo ìpéjọ ló ń mú ọgbọ́n wá, o. Ní àwọn ọdún 1950, Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi ìlà kan han àwọn ènìyàn, ó sì ní kí wọ́n sọ èyí tó gùn bákan náà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìlà mẹ́ta mìíràn. Gbogbo àwọn tó jókòó ti jọ ṣàdéhùn láti parọ́, àfi ẹnì kan. Nínú ìdáhùn irú ẹni bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló tẹ̀ lé irọ́ náà, bẹ́ẹ̀ òótọ́ hàn gbangba lójú rẹ̀.

Nítorí náà, kí oníkálukú kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, kí alága sì sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Bí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ lanu, ohun tó kù kò ju kí àwọn yòókù máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń ta ko ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì gan-an. Nígbà tí Asch fi ẹnì kan ṣoṣo tó yapa sáàárín àwọn onírọ́ náà, títẹ̀lé irọ́ já wálẹ̀ gidigidi, kódà níbi tí ìdáhùn ẹni tó yapa náà ti burú ju tiwọn lọ.