Bí ẹ̀rọ ìwòsàn ṣe ń wọ Jàmáíkà

Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ ìwòsàn sí Jàmáíkà, ọ̀rọ̀ iná ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè, kó tó kan owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Volt 110 ni iná ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n hertz rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí lọ yí bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, jẹ́ 50. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ volt 120 àti hertz 60. Ti Nàìjíríà àti Yúróòpù jẹ́ volt 230 àti hertz 50. Jàmáíkà mú díẹ̀ níbí, ó mú díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì rí bíi ti Amẹ́ríkà, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: wọ́n á ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á tàn, wọ́n á ní ó bùṣe.

Kò tíì bùṣe. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ po kí omi ara rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ irú èyí tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀lé hertz iná, tí kò sí ohun mìíràn tó ń darí ìyára rẹ̀, èyí tó ń yí tó nǹkan bí ìgbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan ní Miami á wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 3,000 ní Kingston. Agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀ á dín jù bẹ́ẹ̀ lọ, á dín tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ kò ní yà dáadáa, ẹ̀rọ kò sì ní pariwo pé nǹkan ń ṣe òun. Tirańsífọ́mà tí wọ́n wé fún hertz 60 ní tirẹ̀ lè máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè jóná lọ́jọ́ kan.

Fọ́tò àwo kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ti tó láti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ "100–240V, 50/60Hz" sí i, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ "120V, 60Hz" nìkan, ẹ bi iléeṣẹ́ tó ṣe é bóyá wọ́n ní ti hertz 50, torí tirańsífọ́mà tí wọ́n ń tà lọ́jà, volt nìkan ló ń yí, kò lè yí hertz. Abájọ tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ Jámánì tàbí Ítálì tó ń jẹ volt 230 lórí hertz 50 rọrùn láti lò níbẹ̀ nígbà mìíràn ju ti Amẹ́ríkà tó wà nítòsí lọ: tirańsífọ́mà kan tó gbé volt sókè ti tó o.

Ìwé ló kàn. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlera, ìyẹn Ministry of Health and Wellness, ló ń bójú tó ohun ìwòsàn tó ń wọlé. Ẹ̀rọ tó bá ń lo ìtànṣán, bíi ti X-ray, tún gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ Hazardous Substances Regulatory Authority kọjá, lábẹ́ òfin ọdún 2015. Ẹni tó ń kó ẹrù wọlé gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà owó orí, TRN. Lórí ìwé ẹrù, kí òǹtajà má ṣe kọ "ohun èlò ìwòsàn" lásán. Irin iṣẹ́ dókítà wà lábẹ́ nọ́ńbà 9018, ti X-ray wà lábẹ́ 9022, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù sì wà lábẹ́ 9402. Nọ́ńbà yìí ni kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń mọ iye tí wọ́n máa gbà lábẹ́ ètò CARICOM, ẹgbẹ́ ìṣòwò àwọn orílẹ̀-èdè Karibíànì, òun náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá GCT, owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, kan ẹrù náà tàbí kò kàn án. Igi páléètì pàápàá gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ pé wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ta ló ń rà á? Ìjọba ni oníbàárà tó tóbi jù. Láti ọdún 2008 ni ọsibítù ìjọba kò ti gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ náà mọ́, àjọ ìlera ẹlẹ́kùnjẹkùn mẹ́rin ló sì ń darí wọn. Ọsibítù aládàáni àti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà pẹ̀lú, pàápàá ní Kingston àti Montego Bay. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ilẹ̀ náà kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, èyí ni kò jẹ́ kó rọrùn fún iléeṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè láti ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ síbẹ̀. Aṣojú ni wọ́n ń lò, aṣojú kan sì lè máa tajà fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́. Bó bá ní òun nìkan lòun fẹ́ máa ta ọjà yín, ẹ má kọ̀, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé dandan ni kó ní ẹni tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, kó sì ní àwọn páàtì tó ń tètè bàjẹ́ nílẹ̀. Ẹ fún onítọ̀hún ní ìwé àtúnṣe àti páásíwọ́ọ̀dù tó fi máa wọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń fi páásíwọ́ọ̀dù yẹn pamọ́, ẹ̀rọ olówó ńlá á wá jókòó kalẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ẹrù máa gbéra náà ṣe pàtàkì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà dé òpin oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì líle ní Karibíànì. Ìjì Beryl kọlu Jàmáíkà ní oṣù keje ọdún 2024, Melissa sì dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Bí òǹtajà bá tà á ní CIF, ìyẹn àdéhùn tí owó ọjà, owó ìbánigbófò àti owó ọkọ̀ ojú omi jọ wà nínú iye tó dá lé e, òun ló máa ra ìbánigbófò, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù nìkan ni òfin ìṣòwò àgbáyé tó ń jẹ́ Incoterms pọn dandan fún un, èyí tí kò sì bo omi òkun tó bá wọnú ọkọ̀. Lábẹ́ CIP, àdéhùn mìíràn tó jọ ọ́ nínú Incoterms ti ọdún 2020, èyí tó gbòòrò jù ló gbọ́dọ̀ rà. Ẹrù tí nǹkan abánáṣiṣẹ́ kún inú rẹ̀, CIP ló yẹ ẹ́.