"Blesser" kì í ṣe ìbùkún: gbígbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni gbígbọ́ Faransé

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sọ Faransé ṣègbéyàwó, mo jókòó láti kọ lẹ́tà ìkíni sí i ní èdè rẹ̀, kí orí rẹ̀ lè wú. Iṣẹ́ ń lọ geere títí mo fi dé ìparí, níbi tí mo ti fẹ́ ṣàdúrà fún tọkọtaya. Gẹ̀ẹ́sì ló wá sí mi lọ́kàn: "God bless you". Mo mọ "Dieu", mo mọ "vous", "bless" nìkan ló kù. Mo wá rántí pé mo ti rí "blesser" níbì kan rí. Ó parí! Mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Que Dieu vous blesse."

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ọkọ àti ìyàwó tuntun ni pé kí Ọlọ́run ṣe wọ́n léṣe. Kí a dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lára ni "blesser". "Bénir" ni ìbùkún.

Èrò tó kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ yìí pọ̀ nílẹ̀: pé ẹni tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó ṣáà máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, kó yí ìdí wọn padà díẹ̀, kó fi imú sọ wọ́n, ó ti di Faransé nìyẹn. Mi ò ní pe ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀, torí ohun tó rí ló sọ. "Nation", "question", "table", "fruit": bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n níhìn-ín ni wọ́n ń kọ wọ́n lọ́hùn-ún, ìtumọ̀ wọn ò sì yà.

Ogun ló fà á. Lọ́dún 1066, William tó jẹ́ olórí Normandy sọdá òkun, ó ṣẹ́gun ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Hastings, ó gorí ìtẹ́. Fún nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn náà, Faransé ni èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́ níbẹ̀. Ọdún 1362 ni òfin tó jáde pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ Faransé ti wọlé kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Òun ló fà á tí màlúù tó wà lórí ìdúró fi ń jẹ́ "cow" ní Gẹ̀ẹ́sì, tó bá wá dénú àwo, ó di "beef", èyí tó wá láti ara "bœuf". Faransé fúnra rẹ̀ ò yà wọ́n sọ́tọ̀ o: "bœuf" ni lórí pápá, "bœuf" náà ni nínú ìkòkò, bí àwa náà ṣe ń pe méjèèjì ní ẹran.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá kúrò nílé, ìwà tó bá níbi tó lọ ló ń kọ́. Ẹ wo "library". Láyé àtijọ́, ibi tí wọ́n ń kó ìwé jọ sí ni Faransé ń pè ní "librairie". Montaigne, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé tó kú lọ́dún 1592, ohun tó pe yàrá ìwé rẹ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì di ìtumọ̀ yẹn mú. Faransé ló ṣí kúrò lórí rẹ̀. Lónìí, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ni "librairie", ibi tí wọ́n ti ń yá a ni "bibliothèque". Ẹni tó bá mú ìwé ní "librairie" tó sì ń bá tirẹ̀ lọ, wọ́n á ké olè lé e lórí. "Demander" náà ńkọ́? Lẹ́nu Faransé, kí a béèrè nǹkan ni, jẹ́ẹ́jẹ́. Ọwọ́ àwọn agbẹjọ́rò ló bọ́ sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni "demand" bá di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi agídí gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

"Bless" àti "blesser" tèmi ò tilẹ̀ bára tan rárá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni "bless" kí William tó dé. Wọ́n kàn fojú jọra ni.

Ọ̀mọ̀wé Faransé méjì, Maxime Kœssler àti Jules Derocquigny, ló sọ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní "faux amis", ọ̀rẹ́ èké, lọ́dún 1928. "Attendre" kì í ṣe kí a péjú síbi ìpàdé, kí a dúró de ènìyàn ni. "Rester" kì í ṣe ìsinmi, kí a má kúrò níbi tí a wà ni. "Déception" kì í ṣe ẹ̀tàn, ìjákulẹ̀ ni. Èyí tó ń dójú ti ènìyàn jù ni "préservatif". Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ bàjẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n gbé fún un, tó bá lo ọ̀rọ̀ yìí, kọ́ńdọ̀mù ló ń béèrè. "Conservateur" ló yẹ kó sọ.

Ibi tí èrò òdì yìí ti burú jù lójú mi ni ti pé ọ̀rọ̀ kan ní láti bá ọ̀rọ̀ kan dọ́gba. "Library" tí a ṣì lò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe. Ti "time" kì í rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn máa wo ẹnu ènìyàn ni. Mẹ́ta ló pín sí ní Faransé: "heure", "fois", "temps". Ẹni tó ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì wò ó á ní wọ́n fẹ́ pa òun. Yorùbá ńkọ́? Aago mélòó ló lù: "heure" nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta: "trois fois". Mi ò ráyè: "je n'ai pas le temps". A ti pín in tipẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kò pín in.

"You" tún ni èkejì. "O" àti "ẹ" wà lẹ́nu wa, Faransé ní "tu" àti "vous", síbẹ̀ a ó lọ gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ó sọ ìyàtọ̀ náà nù lọ́nà, a ó tún wá máa wá a kiri. Kì í kúkú ṣe pé wọ́n bára mu délẹ̀délẹ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ Faransé ló ń pe bàbá rẹ̀ ní "tu", ohun tí ọmọ Yorùbá ò gbọ́dọ̀ dán wò.

Ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè pàápàá ò lè gba ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí a bá tẹ "light" nìkan sí Google Translate, ṣé ìmọ́lẹ̀ ni, ṣé ohun tó fúyẹ́ ni, àbí kí a tan iná? "Lumière", "léger", "allumer": kò sí bó ṣe lè mọ èyí tí a ní lọ́kàn. Odindi gbólóhùn ni mo máa ń fún un báyìí, màá sì dá ohun tó bá mú wá padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí n wo bóyá ohun tí mo sọ ló ṣì wà níbẹ̀. Mo tún ń kọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "le" tàbí "la" tó ṣáájú rẹ̀, nítorí ìwé ni "le livre", owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ni "la livre".

Ọ̀rẹ́ mi ò tíì jẹ́ kí n gbàgbé o. Ó ti kúrò lórí "vous" pẹ̀lú mi, àmọ́ bó ṣe ń parí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sí mi nìyí: "Que Dieu te blesse."