Krishna Janmashtami

Krishna Janmashtami ni àjọ̀dún tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń ṣe ìrántí ìbí Krishna, ẹni tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ Vishnu, ọ̀kan lára àwọn òrìṣà ńlá wọn, fúnra rẹ̀ tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ wá sáyé ní ìgbà kẹjọ. Krishna Jayanthi ni ọ̀pọ̀ ará gúúsù Íńdíà ń pè é. Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, Gokulashtami ni. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ rẹ̀, ó sì máa ń bọ́ sí oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án ọdún, ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú. Àwọn ará àríwá ní oṣù Bhadrapada ni, àwọn ará gúúsù ní Shravana ni, síbẹ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń sọ, nítorí ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ oṣù ni kò dọ́gba. Láwọn ọdún mìíràn, tẹ́ḿpìlì kan lè ṣe é lónìí kí èkejì ṣe tirẹ̀ lọ́la.

Ìtàn ìbí rẹ̀

Apá kẹwàá ìwé Bhagavata Purana ló sọ ìtàn náà ní kíkún. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Devaki pẹ̀lú Vasudeva, Kamsa, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ló ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ń gbé wọn lọ. Ohùn kan ké láti ojú ọ̀run pé ọmọ kẹjọ tí Devaki máa bí ni yóò pa Kamsa. Kamsa fa idà yọ lójú ẹsẹ̀. Vasudeva bẹ̀ ẹ́, ó sì ṣèlérí pé gbogbo ọmọ tí àwọn bá bí ni òun yóò máa gbé fún un. Kamsa, tó ti jọba lé Mathura lórí, ti tọkọtaya náà mọ́lé, ó sì pa ọmọ mẹ́fà. Agbára Ọlọ́run gbé ìkeje kúrò nínú Devaki sínú Rohini, ìyàwó Vasudeva mìíràn. Òun ni Balarama.

Òru ni wọ́n bí ìkẹjọ. Oorun gbé àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ, ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣí fúnra rẹ̀, Vasudeva sì gbé ọmọ jáde nínú òjò. Odò Yamuna ya ọ̀nà fún un, ejò ńlá Shesha sì na orí rẹ̀ bo ọmọ náà kí òjò má bàa pa á. Ní Gokul, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Yashoda, ìyàwó Nanda olórí àwọn darandaran, ó sì gbé ọmọbìnrin tí obìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bí padà wá. Nígbà tí Kamsa fẹ́ la ọmọbìnrin náà mọ́ òkúta, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di òrìṣà lójú ọ̀run, ó sì sọ fún un pé ẹni tí yóò pa á ti wà níbòmíràn. Krishna náà ló padà pa á.

Òru àjọ̀dún

Ìtọ́jú ọmọ tuntun gan-an ni ọkàn àjọ̀dún yìí, ó sì hàn nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti àárọ̀ títí di òru: àwọn kan kì í fẹnu kan omi rárá, àwọn mìíràn ń jẹ èso, wọ́n sì ń mu wàrà, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ìrẹsì tàbí ọkà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya àtẹ́lẹsẹ̀ kéékèèké láti ẹnu ọ̀nà wọ inú ilé lọ, bí ẹni pé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn wọlé.

Nígbà tí aago méjìlá òru bá lù, agogo á máa dún, wọ́n á sì fọn ìkarahun òkun ńlá bí ìwo. Ní àríwá Íńdíà, wọ́n á mú kùkúḿbà tó ṣì ní igi lórí, wọ́n á gé igi rẹ̀ kúrò bí ìgbà tí agbẹ̀bí bá gé ìwọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi wàrà, yógọ́ọ̀tì, oyin, bọ́tà yíyọ́ àti ṣúgà wẹ ère kékeré Krishna, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun, wọ́n á fi ìyẹ́ ọ̀kín sí adé rẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ọmọdé tí wọ́n so kọ́. Àgbà àti ọmọdé á máa fa okùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti rẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń ṣínu, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ewé tulsi lé lórí. Ewé yìí àti efinrin tiwa, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ìkòkò yógọ́ọ̀tì

Ní Maharashtra, pàápàá ní Mumbai àti Thane, ìgboro ni ọjọ́ kejì ti máa ń gbóná. Ìtàn sọ pé Krishna fẹ́ràn láti jí bọ́tà nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin so ìkòkò wọn sókè àjà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun èjìká ara wọn láti bù ú. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Govinda ń ṣe nínú eré ìkòkò yógọ́ọ̀tì, Dahi Handi, nìyẹn. Wọ́n á so ìkòkò kọ́ sókè láàárín ilé gíga méjì, àwọn tó lágbára á dúró nísàlẹ̀, ìpele á máa gun orí ìpele, ẹni tó fúyẹ́ jù á sì gòkè lọ fọ́ ọ, bí àwọn òǹwòran ṣe ń da omi lù wọ́n. Ní 2012, ẹgbẹ́ Jai Jawan ní Thane to ìpele 9 tó ga tó mítà 13.34, ìwé Guinness tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ta yọ lágbàáyé sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń já bọ́, ẹ̀mí sì ti lọ sí i, nítorí náà àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò jẹ́ ohun kékeré. Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga Bombay pàṣẹ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ gùn ún, kò sì gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ. Ní 2017, wọ́n mú òté gíga náà kúrò, ọjọ́ orí sì di 14. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà á sí eré ìdárayá ní 2022.

Àwọn ibòmíràn

Mathura ló ń gba èrò jù. Tẹ́ḿpìlì Krishna Janmasthan tó wà níbẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan mọ́sálásí Shahi Idgah, tí wọ́n kọ́ lásìkò ọba Aurangzeb lẹ́yìn tí ó pàṣẹ kí wọ́n wó tẹ́ḿpìlì àtijọ́ ní 1670. Ẹjọ́ lórí ilẹ̀ náà ti dé kóòtù lọ́pọ̀ ìgbà. Ní tẹ́ḿpìlì Banke Bihari ní Vrindavan, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìsìn ìdájí tí wọ́n ń pè ní Mangala Aarti, ìyẹn lásìkò àjọ̀dún yìí. Ijó Ras Lila ni àwọn ará Manipur fi ń ṣe tiwọn. Ní Nepal, èrò máa ń wọ́ lọ sí tẹ́ḿpìlì Krishna olókùúta ní Patan, tí ọba Siddhi Narasimha Malla kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọjọ́ ìsinmi ni ní Bangladesh, níbi tí ìwọ́de àjọ̀dún náà ní Dhaka ti dáwọ́ dúró ní 1948 kó tó padà bẹ̀rẹ̀ ní 1989.