“Bí BP mi bá ga, mo máa mọ̀ ọ́n lára”

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ti lé lógójì ọdún pé kó wá dókítà kan tí á máa rí sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kó sì máa ṣe àyẹ̀wò látìgbàdégbà, èsì kan náà ló máa fọ̀: “Kò sóhun tó ń ṣe mí. Mo mọ ara mi. Bí BP mi bá ga, orí á fọ́ mi, mo máa mọ̀.” Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á ní ẹ fẹ́ fi àìsàn ta òun lọ́rẹ.

Bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára wúlò, bóyá ó sàn kí wọ́n tètè rí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. “Mo máa mọ̀” yẹn gan-an ni mo bá wá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Lóòótọ́, ẹ̀ṣọ́ wà nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ọrùn àti nítòsí ọkàn, tó ń ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tì sí, ìyẹn BP. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ń jíṣẹ́ fún, kì í jẹ́ ẹ fún àwa tá a ni ara. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ru fún ìgbà pípẹ́, iye gíga yẹn á mọ́ ẹ̀ṣọ́ náà lára, á sì máa kà á sí déédéé. Ẹ̀ṣọ́ tó bá olè gbé ilé pẹ́, tó wá ń kí i kú àárọ̀.

Orí fífọ́ wá ńkọ́? Àìsùn ń fa á, òùngbẹ ń fa á, ojú tí kò ríran dáadáa ń fa á. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ni orí kì í fọ́. Ẹ máa ní, “Ọjọ́ tí orí fọ́ mi tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó ga.” Ó dáa. Ìrora fúnra rẹ̀ máa ń gbé e sókè. Àti pé ọjọ́ mélòó lẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí orí kò fọ́ yín? Kò sí. Ìyẹn lẹ ṣe rò pé ọjọ́ orí fífọ́ nìkan ló ń ga. Ìgbà tó bá ga gan-an, bíi 180/120 sókè, ni orí lè máa fọ́, kí ojú máa ṣú, kí àyà máa dunni. Nígbà yẹn, ilé ìwòsàn ló yá, kì í ṣe àríyànjiyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó kù díẹ̀ kí àwọn tí kò mọ̀ tó ìdajì. Gbogbo wọn ló mọ ara wọn.

Ẹ wo Franklin Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà. Ó ní dókítà tirẹ̀, dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Oṣù kẹta ọdún 1944 ni dókítà ọkàn, Howard Bruenn, tó yẹ̀ ẹ́ wò. BP rẹ̀ jẹ́ 186/108, ọkàn rẹ̀ sì ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń sọ fáráyé pé ara ààrẹ le. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, ó ní ẹ̀yìn orí ń dun òun gan-an, ó dákú, ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí orí wá dun ún nìyẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí oògùn gidi fún un láyé ìgbà yẹn, mo gbà. Ó ti wà báyìí.

Dókítà tó mọ̀ yín ló wúlò níbí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sọ nǹkan púpọ̀. 138/86 lè má ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, àfi ẹni tó bá rí i nínú ìwé yín pé 112/70 ni lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ń yan dókítà, ẹ bèèrè ta ló ń dúró fún un bí kò bá sí nílé, bóyá ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ tán. Ẹ tún wo bó ṣe ń wọn BP: ó yẹ kí ẹ ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ ti tọ̀, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí apá wà ní ìbámu pẹ̀lú àyà, kí ẹnu dákẹ́. Èyí tí wọ́n bá wọ̀n nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé, ẹ má tíì sunkún lé e lórí.

Ìwádìí kan láti Norway ní 2021 rí i pé ikú fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù láàárín àwọn tó ti lo ju ọdún 15 lọ́dọ̀ dókítà kan náà, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tó lo ọdún kan. Ṣé dókítà ló fà á? N kò lè búra. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí ayé wọn rójú ni kì í pààrọ̀ dókítà.

N kò sì ní kí ẹ lọ yẹ gbogbo nǹkan wò. Nígbà tí Cochrane, àjọ tó ń gbé ìwádìí ìṣègùn yẹ̀ wò, kó ìwádìí jọ ní 2019, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 200,000, àyẹ̀wò gbogbogbòò fún ẹni tára rẹ̀ le kò dín ikú kù. Àwọn àyẹ̀wò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ níwọ̀n: BP, ṣúgà fún ẹni tó bá yẹ, jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ti ọmú, ti ìfun ńlá (ní Amẹ́ríkà, láti 2021, ọdún 45 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 50 ni tẹ́lẹ̀). Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta “àyẹ̀wò àtorí dé àtẹ́lẹsẹ̀”. Wọ́n á rí òjìji kan, òjìji á bí àyẹ̀wò mìíràn, ìyẹn á bí ọ̀bẹ, lórí ohun tí ì bá bá yín dàgbà láìyọ yín lẹ́nu. Ẹ bi wọ́n pé, “Bí ẹ bá rí nǹkan, kí lẹ máa ṣe sí i?” Bí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, ẹ fa apá ẹ̀wù yín wálẹ̀, kí ẹ máa lọ.