Aago Ìsáré Tuntun àti Ojú Ọ̀run Àbújá: Kí Ẹ Tó Ní Ó Ti Bàjẹ́

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń sáré ní etí adágún Jabi àti ní Gwarinpa ti ń ra aago GPS báyìí, ìyẹn aago tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ wà. Inú mi dùn sí i gan-an, torí ẹni tó bá ń rí bí òun ṣe ń tẹ̀síwájú kì í tètè pa eré tì. Ṣùgbọ́n owó aago yìí kì í ṣe kékeré, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ti sọ tirẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, mo yọ aago nínú páálí, mo jáde, ó ń wá sátẹ́láìtì títí mo fi sáré tán. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ní Wuse ni?

Ẹ má tíì lọ bá oníṣọ́ọ̀bù jà. Àwọn sátẹ́láìtì GPS, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń bójú tó, wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè orí wa, ohùn wọn kò sì ní agbára púpọ̀ tó bá fi dé ilẹ̀. Mẹ́rin ni aago gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí nǹkan mẹ́rin ni kò mọ̀: bí ẹ ṣe wà sí àríwá tàbí gúúsù, bí ẹ ṣe wà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, bí ibẹ̀ ṣe ga tó, àti àkókò gan-an tó ń lọ.

Ibi tó ń pẹ́ sí ni pé sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan máa ń sọ ibi tó wà díẹ̀díẹ̀. Odindi ìṣẹ́jú àáyá 30 ló fi ń parí ọ̀rọ̀ náà kó tó tún un bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gba abẹ́ igi máńgòrò kọjá láàárín kan, apá kan ti bọ́ nìyẹn, aago á sì dúró de ìgbà tí wọ́n bá tún un sọ. Ìwé ìjúwe gbogbo àwọn sátẹ́láìtì yòókù tilẹ̀ ń gbà tó ìṣẹ́jú 12 ààbọ̀ kó tó wọlé tán. Aago tó ti pẹ́ nínú páálí, tó sì ti òkè òkun dé, kò mọ ohunkóhun nípa ojú ọ̀run Àbújá.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ so ó pọ̀ mọ́ fóònù yín, kí ẹ jẹ́ kí áàpù rẹ̀ gba àtúnṣe tuntun àti fáìlì tó ń sọ ibi tí àwọn sátẹ́láìtì máa wà. Ọjọ́ díẹ̀ ni fáìlì náà ń lò, ìdí nìyẹn tí aago tí a kò so mọ́ fóònù fún ìgbà pípẹ́ fi ń padà sí ìwà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí gbangba, ẹ tan ìwá-sátẹ́láìtì, kí ẹ sì dúró sójú kan, ìṣẹ́jú 15 bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe é lábẹ́ páànù ilé, láàárín àwọn ilé gíga Central Area, tàbí ní ìdí òkè Aso níbi tí àpáta ti bo ìdajì ojú ọ̀run. Ti ọyẹ́ ńkọ́? Eruku ọyẹ́ kò dí i lọ́wọ́, ìkùukùu náà kò sì dí i.

Ṣé mo ní láti máa ra dátà fún un?

Rárá o. Aago kò ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì kankan; ńṣe ló ń gbọ́, bí rédíò ṣe ń gbọ́ ìròyìn. Fóònù lè wà nílé, dátà lè ti tán. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gba àtúnṣe àti fáìlì sátẹ́láìtì tí mo sọ lókè, tàbí tí ẹ bá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ eré náà sórí áàpù, nìkan lẹ máa nílò dátà.

Mo sá kìlómítà 5, aago ní 3.1.

Máìlì ló ń kà, torí ìṣètò Amẹ́ríkà ló bá dé. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6. Ẹ yí i padà nínú ìṣètò, kí ẹ sì yí ìwọ̀n ara yín láti pọ́n-ùn sí kílò nígbà kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye kálórì tó bá sọ kò ní wúlò.

Láàárọ̀, ìlà eré mi lórí máàpù gún régé. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ oṣù Kẹta, ojú ọ̀nà kan náà, ó ń yà sọ́tùn-ún sósì, ó ń wọ ilé onílé. Kí ló fà á?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí, torí ibi tí à ń gbé ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ wo igi àti ilé gíga tó wà lójú ọ̀nà, torí ohùn sátẹ́láìtì máa ń lu ògiri kó tó dé ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà náà ṣófo, tó sì ń dára láàárọ̀, ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ lè wà nídìí ẹ̀.

Lókè lọ́hùn-ún, oòrùn máa ń fọ́ afẹ́fẹ́ sí èérún tó ní iná mànàmáná nínú, ó sì di ìpele kan lójú ọ̀run. Inú ìpele yẹn ni ohùn GPS ń gbà kọjá, ó sì máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé, tó yàtọ̀ sí ìlà agbedeméjì ayé tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, gba apá àríwá Nàìjíríà kọjá. Nítòsí ìlà yìí, bí oòrùn bá wọ̀, ìpele náà máa ń ga sókè, ó sì ń ya sí ihò-ihò. Ohùn tó bá gba àárín ihò wọ̀nyẹn máa ń gbọ̀n, nígbà mìíràn á pòórá. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́ ló máa ń le jù, pàápàá ní oṣù Kẹta sí Kẹrin àti oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, àti ní àwọn ọdún tí oòrùn bá ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹni tó ń sáré ní London kì í sábà rí irú èyí.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ tan gbogbo ẹgbẹ́ sátẹ́láìtì tí aago yín mọ̀: GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti ilẹ̀ Yúróòpù, BeiDou ti Ṣáínà. Bó bá lè gbọ́ ìgbì méjì, L1 àti L5, ẹ tan ìyẹn náà. Aago á fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Bátìrì á tètè lọ, àṣìṣe kò sì ní tán pátápátá, ṣùgbọ́n á dín kù. Ní tèmi o, ìdánwò tó bá ṣe pàtàkì, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é.

Mò ń rìn jẹ́jẹ́, aago ní ọkàn mi ń lù ní 175.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹsẹ̀ yín ló ń kà. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn aago ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Bí aago bá dẹ̀, tó ń mì, á gba ìró ìgbésẹ̀ bí ìlù ọkàn. Ẹ gbé e kúrò lórí egungun ọrùn-ọwọ́, sókè ní ìwọ̀n ìka kan, kí ẹ so ó le díẹ̀ kí ẹ tó sáré, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ ọjọ́ orí yín tòótọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ aago ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220 láti mọ òpin agbára ọkàn, ṣùgbọ́n ìfojúbù ni: ó lè fi ìlù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Ooru Àbújá náà ń mú kí ọkàn sáré sí i. Bí aago bá ní ẹ ti rẹ̀yìn nínú oṣù Kẹta, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lọ́kàn jẹ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ tẹ̀lé iye aago. Àwọn oògùn kan máa ń dín ìlù ọkàn kù. Dókítà ni kí ó bi.

Ní pápá ìṣeré Moshood Abiola, ìyípo mẹ́wàá kò jẹ́ kìlómítà 4 lórí aago.

Ìlà kìíní nìkan ni mítà 400. Ìlà kẹjọ lé ní 450. GPS kì í sì í ṣe dáadáa lórí ibi yíyípo. Ẹ wá ìṣètò eré inú pápá nínú aago, kí ẹ sọ nọ́ńbà ìlà tí ẹ wà fún un.

Ọkọ mi ní ayé lè mọ ibi tí à ń gbé. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ẹ bá mi kí wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, àwọn èèyàn ṣàkíyèsí pé máàpù tí Strava, áàpù tí àwọn eléré ń kó àkọsílẹ̀ eré wọn sí, gbé jáde ní ìparí ọdún 2017 fi ibùdó àwọn ọmọ ogun hàn ní ibi bíi Afghanistan àti Síríà, torí àwọn sójà ń fi aago sáré nínú ibùdó wọn. Nílùú tí bárékè àti ilé ìjọba pọ̀ sí bíi tiwa, tí ọ̀rọ̀ ààbò sì ń ká gbogbo wa lára, ẹ má fi èyí ṣeré. Nínú áàpù, ẹ yan kí ẹ̀yin nìkan rí eré yín tàbí àwọn tí ẹ bá gbà, kí ẹ sì ní kí ó bo ibẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìlà náà. Ẹ ṣe é kí aago tó fi eré àkọ́kọ́ ránṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi í ránṣẹ́ fúnra wọn kété tí ẹ bá ti padà dé ìtòsí fóònù.